Èmi Ni Mo Mú Ọ̀nà Wọ́ ní Kọ́nà Agnes

Ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ̀yin awakọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń gba Kọ́nà Agnes lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀, ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun láti ọdún mọ́kànlá. Ó ti di egungun ẹja, kò lọ sísàlẹ̀, kò jáde sókè. Lónìí ni mo fẹ́ bì í síta. Àwọn dókítà ti ní kí n máa lọ sílé. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ti wú bí ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ikùn mi ti ga débi pé n kò rí ìka ẹsẹ̀ mi láti oṣù kejì, bí mo bá sì mí, ẹni tó wà ní Ìpájà á rò pé ẹ̀rọ ìlọta ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ rí i, mo tún ti bẹ̀rẹ̀. Àsọdùn ni wọ́n ń pè mí kí ẹ tó máa pè mí ní wòlíì, orúkọ tó sì tọ́ sí mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n nínú ohun tí mo ń kọ yìí, ibi tí mo bá ti sọ àsọdùn, ẹ óò mọ̀ ọ́n. Ibi tó bá burú jù, òótọ́ ni.

Báyọ̀dé Àjíṣafẹ́ ni orúkọ mi. Ìkòtún ni wọ́n bí mi sí. Mo ka ìwé mẹ́fà, mo wọ ilé ìwé mọ́dà, n kò pẹ́ níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo lu agogo ìlọlé ní aago mẹ́wàá àárọ̀, gbogbo ọmọ ilé ìwé rọ́ lọ sílé, tíṣà méjì sì bá wọn lọ. Wọ́n lé mi, mo sì rẹ́rìn-ín délé. Bí mo ṣe lo ayé mi nìyẹn. Bí ènìyàn bá ti rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ ti parí lójú mi, n kì í bojú wẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan ń sunkún.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń wọkọ̀ ní ráńdábáòtù Ìkòtún, tí ẹ ń sọ̀ ní Igando kí kásẹ́ẹ̀tì dẹ́rẹ́bà tó yí ojú kejì, ẹ kò mọ bí ọ̀nà yìí ṣe rí tẹ́lẹ̀. Kò ju máìlì mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ rìn ín lásìkò òjò á kọ́kọ́ dágbére fún ìyàwó. Láti ráńdábáòtù dé ibi tí wọ́n ti ń la pákó, ilẹ̀ pupa ni. Láti ibi ìlapákó, ẹrẹ̀ ni, pẹ̀lú igi mángòrò kan tó dá dúró láàárín rẹ̀. Bí bàtà yín bá bọ́ sínú ẹrẹ̀ yẹn, Kútọnu lẹ ó ti rí i gbà. Ẹ̀fọn ibẹ̀ kì í jẹ ènìyàn, gbígbé ni wọ́n ń gbé e. Lẹ́yìn ẹrẹ̀ ni oko ẹ̀gẹ́ wà títí dé Igando. Ní apá òsì ẹrẹ̀ náà, bí ẹ bá ń ti Ìkòtún bọ̀, ilẹ̀ kan ga díẹ̀. Níbẹ̀ ni Agnes kọ́ ilé sí, nǹkan bí ọgọ́ta ìṣísẹ̀ sí ibi tí ẹsẹ̀ ń tọ̀.

Opó ni Agnes. Òun ni Ìyá Àbíyè ìjọ wa, ìjọ aláṣọ funfun. Yàrá méjì àti pálọ̀ ni ilé náà, inú pálọ̀ yẹn ló ti ń gbẹ̀bí. Kẹ̀kẹ́ ológeere tàbí ẹ̀yìn ọkọ ni wọ́n fi ń gbé aboyún la ẹrẹ̀ kọjá wá bá a. Kò ga, kò sanra, ṣùgbọ́n bó bá wò yín, ẹ óò rántí gbogbo irọ́ tí ẹ ti pa láti ìgbà tí ẹ ti já eyín. Òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ kan, Ọmọ́wùnmí, ni wọ́n jọ ń gbé. Mo bẹ̀ yín, ẹ di orúkọ ọmọ náà mú. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń kọ ìwé yìí.

Ní ọdún 1986 ni ìjọba ní àwọn fẹ́ fi ọ̀dà sí ọ̀nà náà. Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ kan tó ń jẹ́ Ọ̀gá Ṣóbọ̀wálé ló wá wọ̀n ọ́n, èmi àti Festus sì ni lébìrà rẹ̀. Festus ló ń gbé ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ọ̀gá ń yọjú wò, èmi ni mo gbé èèkàn, òòlù àti agolo ọ̀dà pupa. Ibi tí ọ̀gá bá nawọ́ sí, mo kan èèkàn mọ́ ọn. Ilé tó bá bọ́ sójú ọ̀nà, mo fa àgbélébùú pupa sí i lára, onílé á sì máa kẹ́rù. Ọ̀gá yọjú wo inú ẹ̀rọ rẹ̀ títí, ó ní, "Báyọ̀dé, ọ̀nà yìí á lọ tààrà bí òwú tí wọ́n fà. Ẹrẹ̀ yẹn, yẹ̀pẹ̀ la ó fi dí i. A ò ní í wó ju búkà mẹ́ta lọ." Èèkàn méjìlélógún la kàn láti Ìkòtún dé Igando. Ọ̀gá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ nọ́ńbà sí wọn lára. Kò sí ọ̀kankan tó sún mọ́ ilé Agnes. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ìyẹn.

Láàárín àsìkò náà ni mo rí aboyún kan tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà Agnes, mo sì sọ fún un pé ikùn rẹ̀ tó yọ síwájú báyìí, ọmọ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ti hu irùngbọ̀n. Eré ni mo ń ṣe. Ọjọ́ méjì lobìnrin náà fi sunkún, kò jẹ, kò mu. Agnes wá mú mi níwájú ìjọ. Ó ní kí n kúnlẹ̀ síta, kí n na apá sókè, èmi ọkùnrin ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ó ní, "Báyọ̀dé, ẹnu rẹ ò nílẹ̀kùn. Lọ́jọ́ kan á pa èèyàn, ìwọ á sì máa rẹ́rìn-ín." Àwọn ọmọdé ń kọjá, wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Gbogbo ayé ló ti máa ń bá mi rẹ́rìn-ín rí. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ fi èmi gan-an rẹ́rìn-ín, ó sì dùn mí wọ egungun.

Bàbá Ọ̀gá Ṣóbọ̀wálé kú ní Abẹ́òkúta. Ó lọ sìnkú, ó ní kí èmi àti Festus máa ṣọ́ èèkàn, òun yóò dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá. Bí ológbò bá ti kúrò nílé, ẹ mọ ohun tó kàn. Lọ́jọ́ Ẹtì, nínú ìsìn, mo fi ọṣẹ díẹ̀ sábẹ́ ahọ́n kí ẹnu mi lè hó. Bí orin ṣe gbóná ni mo ṣubú lulẹ̀. Mo yí gbirigbiri láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí pẹpẹ, mo da ọ̀pá àbẹ́là mẹ́ta wó, mo sì ké pé mo rí ọ̀nà ńlá, mo rí i tó gba inú pálọ̀ Agnes kọjá, mo rí ẹsẹ̀ ẹgbẹ̀rún tí ń wọlé tí ń jáde. Wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ ìran gbogbo sílẹ̀ nínú ìwé ìjọ. Mo ti lérò pé ẹ̀rù yóò ba Agnes. Mo la ojú kan díẹ̀ wò ó. Ó ti dojúbolẹ̀, èjìká rẹ̀ ń mì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, nígbà tí gbogbo wọn, Agnes àti ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú, lọ tún ṣọ́ọ̀ṣì ṣe, tí wọn yóò sì sùn níbẹ̀ di ọjọ́ Ìsinmi, mo pe Festus pé ká lọ fa èèkàn. Festus ní, "Àsọdùn, iṣẹ́ ìjọba nìyí o. Wọ́n á gbé wa." Mo ní, "Ta ni yóò gbé wa? Èèkàn kì í rojọ́. Lọ́jọ́ Ajé la ó dá wọn padà. Ṣáà wá wo bí ìyá yẹn á ṣe sáré jàre." Láti orí ìkẹsàn-án dé ìkẹẹ̀ẹ́dógún, a fà wọ́n tu, a sì tún wọn kàn sí apá òsì bí ọrun, tí ọ̀kan fi bọ́ sórí àtẹ̀gùn Agnes, tí òmíràn bọ́ sẹ́yìn ilé ìdáná rẹ̀. Ìkejìlá nìkan ni a kò lè fà, èyí tó wà nídìí igi mángòrò. Ìjàlọ ti yí i ká. Wọ́n gba inú ṣòkòtò mi wọlé, mo jó ijó tí ọba kankan kò rí irú rẹ̀ rí, Festus rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sínú ẹrẹ̀. A fi ìkejìlá sílẹ̀. Mo mú èèkàn tuntun, mo kọ 12 sí i fúnra mi, mo sì kàn án sí àárín àgbàlá Agnes. Ọwọ́ mi kò dára. 2 mi dàbí pẹ́pẹ́yẹ tí ọrùn rẹ̀ kán.

Ìkòkò wa dànù lọ́jọ́ Ìsinmi. Gbogbo ìjọ ló sin Agnes wálé láti wá fi orin bo ilé tí Ọlọ́run dárúkọ, wọ́n sì bá èèkàn lórí àtẹ̀gùn. Ìyá Susanna, olórí ìjọ wa, wo èèkàn, ó wò mí, ó sì wólẹ̀. Ó ní, "Ọlọ́run ti dáhùn Agnes." Ìgbà yẹn ni mo tó gbọ́ ohun tí n kò mọ̀. Ní oṣù tó ṣáájú, obìnrin kan kú sórí kẹ̀kẹ́ nínú ẹrẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ Agnes, òun àti ọmọ inú rẹ̀. Agnes sì ti gbààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún, kò sọ fún ẹnì kankan àfi Ìyá Susanna, ó ń bẹ Ọlọ́run fún ọ̀nà kan ṣoṣo tí ọkọ̀ lè gbà. Ẹ wo ibi tí mo ti kó irọ́ mi bọ̀. Orí àdúrà tòótọ́ ni mo gbé e lé.

Wọ́n so aṣọ funfun mọ́ èèkàn méje náà. Wọ́n wọ́n omi sí wọn, wọ́n sì pín ara wọn ní méjì méjì láti máa ṣọ́ wọn tọ̀sán-tòru kí ọ̀tá má bàa fa ìlérí Ọlọ́run tu. Nígbà tí mo gbé òòlù dé lọ́jọ́ Ajé, àgbà ìjọ kan na ọwọ́ sí mi pé, "Wòlíì, ẹ bọ́ bàtà yín." Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pè mí bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Mo bọ́ bàtà. Mo gbé òòlù padà sílé. Ẹ bi mí pé kí ló dé tí n kò fi sọ òótọ́ níbẹ̀. Ó dùn mọ́ mi ni. Ẹni tí wọ́n ní kó kúnlẹ̀ lánàá, òun ni wọ́n ń kúnlẹ̀ kí lónìí.

Ọ̀gá Ṣóbọ̀wálé dé pẹ̀lú orí fífá, katapílà sì ti ń bá a bọ̀ lẹ́yìn, ó ti dé ibi ìlapákó. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó wo ilẹ̀, ó tún wo ìwé. Ó ní, "Ìwé mi ní tààrà. Ta ló wọ́ ọ̀nà mi?" Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo èèkàn kejìlá. "Ta ló kọ 2 yìí?" Mo ní, "Ọ̀gá, òjò ló pa tiyín rẹ́, ni mo bá tún un kọ. Ibi tí ẹ fi wọ́n sí náà ni wọ́n wà." Festus ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ọ̀gá kì bá tí gbà mí gbọ́, mo rí i lójú rẹ̀, bí kì í bá ṣe pé Agnes jáde wá. Ó kúnlẹ̀ níwájú ọkùnrin náà pẹ̀lú ogójì ènìyàn aláṣọ funfun lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yí i padà. Ibí yìí ni Ọlọ́run fi í sí. Ẹ jẹ́ kó gba inú ilé mi." Ọ̀gá bọ́ fìlà. Ó ní, "Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí. Wọ́n ti fi àdá lé mi, wọ́n ti tú ajá sí mi. N ò tí ì rí onílé tó bẹ̀ mí pé kí n wó ilé òun." Ó ní bóyá òun ló yà fún ẹrẹ̀ tí òun sì gbàgbé, pé láti ìgbà tí bàbá òun ti kú, orí òun kò pé mọ́. Ó fa gègé jáde, ó tún ìwé rẹ̀ kọ. Ó ní kí n gbé ọ̀dà pupa wá.

Ẹ jẹ́ kí n sinmi díẹ̀. Ibi tí mo dé yìí ló ń jí mi lóru.

Mo bá Agnes nínú pálọ̀. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Ó ń tú àwòrán ìgbéyàwó rẹ̀ kúrò lára ògiri. Ó ní, "Báyọ̀dé, jókòó." N kò jókòó. Ó ní, "Mo mọ ẹnu rẹ láti kékeré. Bí àwọn yòókù ṣe ń mí ni ìwọ ṣe ń purọ́. Ṣùgbọ́n lónìí, mi ò bá ẹ ṣeré, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo sì máa bi ẹ́. Ohun tó o sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, ṣé o rí i? Tó ò bá rí i, sọ fún mi báyìí. Mi ò ní í bínú, mi ò ní í sọ fún ẹnì kan. Ìwé ilẹ̀ mi wà lọ́wọ́ mi, màá gbé e lọ sí ọ́fíìsì wọn, wọ́n á gbé ọ̀nà padà síbi tó wà, kò ní í pa àwọn aboyún lára. Ọ̀nà ni mò ń wá, kì í ṣe kí ilé mi wó." Ọgọ́ta ìṣísẹ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ibi tí ọ̀nà wà tẹ́lẹ̀ kò ju ọgọ́ta ìṣísẹ̀ lọ sí i. Gbogbo ohun tó tìtorí rẹ̀ gbààwẹ̀ ni ìbá ti rí gbà, tòun ti ilé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù kí n sọ. Mo ní, "Mo rí i, Ìyá Àbíyè." Ó ń wò mí. Bí irọ́ ṣe máa ń rí lẹ́nu mi, kò lè dá nìkan wà, mo bá fi nǹkan lé e. Mo ní mo rí áńgẹ́lì kan tó mú téèpù ìwọnlẹ̀ oníwúrà dání, ó wọ̀n láti ẹnu ọ̀nà dé ilé ìdáná, ó sì pe orúkọ yín ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo ní tí ẹ bá lọ sí ọ́fíìsì, Ọlọ́run lẹ lọ bá jà. Agnes mi orí pé òun ti gbọ́. Ó fi ìborí nu àwòrán ìgbéyàwó rẹ̀, ó gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì tẹ̀ lé mi síta. Ọ̀dà ń ta sílẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Mú un wá, jẹ́ kí n bá ẹ gbé e." Agnes fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé agolo ọ̀dà, èmi sì fa àgbélébùú pupa sí ilẹ̀kùn rẹ̀.

Wọ́n wó o ní ọjọ́ Wẹ́sìdé. Ó ń kọrin nígbà tí ògiri ń ya. Ilé tí ìjọba ní àwọn yóò fi rọ́pò rẹ̀, ẹnì kankan kò rí i. Títì délẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó dúdú, ó ń dán, ó sì wọ́ ní ibì kan ṣoṣo. Agnes fi pákó kan àbà sí etí kọ́nà náà, ó ń gbẹ̀bí lọ níbẹ̀ pẹ̀lú Ọmọ́wùnmí. Àwọn kọ́ńdọ́kítọ̀ ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í pe bọ́sítọ́ọ̀pù ibẹ̀ ní Kọ́nà Agnes, wọn kò mọ ẹni tó wọ́ ọ. Awakọ̀ ń bú wọnlẹ̀wọnlẹ̀ pé ó ti mutí yó. Èmi wọ sùtánà wòlíì, mo ń rìn lórí títì náà láìwọ bàtà.

Ní ọdún 1991, ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, típà oníyanrìn kan ń sáré bọ̀ láti Igando. Dẹ́rẹ́bà rẹ̀ kò mọ ọ̀nà náà. Tààrà ló rò pé ó lọ, bẹ́ẹ̀ ni, tààrà ló yẹ kó lọ. Agnes wà níwájú àbà, ó ń sá aṣọ ọmọ tuntun. Ìyá ọmọ àti ọmọ wà lẹ́yìn pákó, ohunkóhun kò ṣe wọ́n. Agnes ni yanrìn bò. Ọwọ́ la fi wú u jáde. Festus bá mi lẹ́bàá yanrìn náà, ó ní, "Báyọ̀dé, ọdún márùn-ún gbáko la fi pa obìnrin yìí, díẹ̀díẹ̀." Ó kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní Ìkòtún lọ́sẹ̀ náà, n kò fojú kàn án mọ́. Nígbà ìsìnkú, Ìyá Susanna ka ìran mi jáde láti inú ìwé ìjọ, pé ẹsẹ̀ ẹgbẹ̀rún yóò wọlé yóò jáde, ó ní ẹ wo bí ó ṣe ṣẹ, ẹ wo ogunlọ́gọ̀ tó wá. Wọ́n ní kí n wá fọwọ́ sí pósí. Mo fọwọ́ sí i.

N kì bá tí sọ òótọ́ yìí títí n ó fi kú, ẹ mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n lóṣù tó kọjá, àwọn òṣìṣẹ́ tún dé pẹ̀lú èèkàn. Wọ́n fẹ́ fẹ títì. Ilé kékeré tí Ọmọ́wùnmí kọ́ sẹ́yìn àbà ìyá rẹ̀, tó ti ń gbẹ̀bí bí ìyá rẹ̀, èèkàn ti wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ó wá kúnlẹ̀ ti ẹní mi. Ó gbé omi gbígbóná wá, ó fi aṣọ tẹ ẹsẹ̀ wíwú mi, ó wá ní, "Wòlíì, ẹ bá mi wò ó. Ẹ̀yin lẹ rí i fún Màmá. Ṣé kí n kẹ́rù ni, àbí kí n lọ bá wọn? Ohun tí ẹ bá ní Ọlọ́run sọ ni màá ṣe." Ohùn ìyá rẹ̀ gan-an ni. Mo ní kó padà wá lọ́jọ́ Ìsinmi. Òní ni Sátidé.

Ọmọ́wùnmí, gbọ́. Lọ sí ìdí igi mángòrò, ó ti wà nínú ọgbà onílé kan báyìí, lẹ́yìn ilé aláwọ̀ ewé. Gbẹ́ ìdí rẹ̀ ní apá Igando. Bí igi kò bá jẹrà tán, wàá bá èèkàn kejìlá tí Ọ̀gá Ṣóbọ̀wálé kàn, 2 orí rẹ̀ sì dára. Gbé e pẹ̀lú ìwé yìí àti ìwé ilẹ̀ ìyá rẹ lọ sí ọ́fíìsì. N kò rò pé wọ́n á gbọ́. Bó o bá dúró nídìí igi yẹn tó o kọjú sí Ìkòtún, ojú ọ̀nà tòótọ́ ni wàá máa wò, ṣùgbọ́n òrùlé ènìyàn ló kún un, kò sì sẹ́ni tó lè nà án mọ́. Síbẹ̀ lọ. Má tún bi mí ní ohun tí Ọlọ́run sọ. Kò bá mi sọ̀rọ̀ rí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹnu dùn ún lò, bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín tán, ẹ dúró díẹ̀, ẹ wo ẹni tí kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ ya ìran mi kúrò nínú ìwé yín, ẹ má sì fi sùtánà sin mí. N kò lè ní kí Agnes forí jì mí. Ẹ̀yin tó ṣẹ́ kù ni mo bẹ̀. Lọ́la, bí ọkọ̀ yín bá ti Ìkòtún dé kọ́nà yẹn, tí ara gbogbo yín fì sọ́tùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹ di àga iwájú mú, ẹ má bú dẹ́rẹ́bà. Ọwọ́ mi ló tì yín.